Joseph Lister: Ọkùnrin Tó Gbógun Ti Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ẹni tí a fẹ́ gbé ìgbésí ayé rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ajíhìnrere, kò sì dá ìjọ kankan sílẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìwọ tàbí fún ẹnì kan nínú ẹbí rẹ rí, tí ojú ọgbẹ́ náà sì jinná láìkẹ̀, o ti jẹ nínú èso iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Joseph Lister ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ nípa bakitéríà á ti gbọ́ orúkọ náà ní kíláàsì. Àwọn yòókù á ti rí Listerine, omi ìfọnu tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ṣe é.

Ilé tí wọ́n bí i sí

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1827 ni wọ́n bí Lister ní Upton, abúlé kan tó wà lẹ́bàá ìlú London nígbà náà. Quaker ni àwọn òbí rẹ̀. Kristẹni ni àwọn Quaker, nígbà náà wọn kì í lo ọ̀ṣọ́, wọn kì í jagun, bí wọ́n bá sì pàdé láti jọ́sìn, wọ́n á jókòó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ títí Ẹ̀mí yóò fi sún ẹnì kan láti sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀, Joseph Jackson Lister, ń ta wáìnì, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, iṣẹ́ dígí ló máa ń ṣe. Òun ló wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń to dígí inú maikirosíkópù tí àwòrán fi ń hàn kedere, láìsí àwọ̀ bí òṣùmàrè tó máa ń bo etí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe gbà á sínú Royal Society ní 1832. Inú ilé tí wọ́n ti ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí ni Joseph dàgbà sí.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kò lè gboyè ní Oxford tàbí Cambridge. Nítorí náà University College ní London ni Joseph lọ. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti bá a. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ John kú ní 1846. Òun náà ṣe àìsàn ìgbóná, nígbà tó sì yá, ọkàn rẹ̀ dàrú débi pé ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lásìkò yìí ni èrò kan wọ̀ ọ́ lọ́kàn pé bóyá kí òun kúkú fi ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀, kí òun di oníwàásù. Ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Bàbá kò bá a wí, kò sì fi ìpè Ọlọ́run ṣeré. Ohun tó fi yé ọmọ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lè sin Ọlọ́run nínú iṣẹ́ náà gan-an. Joseph gbọ́ràn, ó padà sí kíláàsì, ó sì gboyè dókítà ní 1852.

Ní 1853 ó gba Edinburgh lọ, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ James Syme, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ibẹ̀ ló ti rí Agnes, ọmọbìnrin Syme. Nítorí pé Agnes kì í ṣe Quaker, Lister fi ìjọ àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ Ìjọ Episcopal ti Scotland, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní 1856. Ilé ìwòsàn ìlú òkèèrè ni tọkọtaya tuntun yìí ń bẹ̀ wò kiri nígbà tí àwọn mìíràn ń gbádùn ara wọn. Wọn kò bímọ. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, Agnes ló ń ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí, òun ló sì kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ń pa ènìyàn

Ní 1860 Lister di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Glasgow. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi àwọn wọ́ọ̀dù kan sábẹ́ rẹ̀ ní Glasgow Royal Infirmary. Oògùn akunnilóorun ti dé láti 1846, kò sí pé wọ́n ń di aláìsàn mú kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n ìrora nìkan ni oògùn náà mú kúrò, kò mú ikú kúrò. Iṣẹ́ abẹ á yọrí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ojú ọgbẹ́ á wú, á kẹ̀, á máa rùn, ibà á dé, aláìsàn á kú. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́, tí eegun náà sì lu awọ jáde, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé ẹsẹ̀ tàbí apá náà. Nínú ènìyàn 35 tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí apá wọn ní wọ́ọ̀dù Lister ní ọdún 1864 àti 1866, àwọn 16 ló kú.

Kí ni wọ́n rò pé ó fà á? Ọ̀pọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ni. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ ka ọyún sí àmì pé ọgbẹ́ ń jinná. Oníṣẹ́ abẹ á wọ kóòtù tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ lára, á ti ibi òkú tó ń là fún ẹ̀kọ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn láìfọwọ́. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ìkà. Wọn kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni.

Ní 1865 Thomas Anderson, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì ní yunifásítì kan náà, pe àkíyèsí Lister sí iṣẹ́ Louis Pasteur, ará Faransé. Pasteur ti fi hàn pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán ló ń ba wáìnì àti wàrà jẹ́ bí kò ṣe àwọn ẹ̀dá alààyè tíntìntín tó ń pọ̀ sí i nínú wọn. Bí a bá se omi ẹran, tí a sì dènà àwọn ẹ̀dá yìí, yóò wà bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́. Lister ka ìwé náà, nǹkan sì là sí i lójú. Bí ẹran inú ìgò bá ń jẹrà nítorí ohun alààyè tó wọ inú rẹ̀, a jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran ara ènìyàn tí ọgbẹ́ ti ṣí sílẹ̀.

Bí bakitéríà ṣe ń pọ̀

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ Lister dúró lé. Bakitéríà kì í lóyún, kì í yé ẹyin. Ẹyọ kan á dàgbà, á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Èyí tí à ń pè ní Escherichia coli lè pín láàárín ìṣẹ́jú 20 bí oúnjẹ, ọ̀rinrin àti ooru bá bá a lára mu. Ká ní ẹyọ kan ṣoṣo bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ní aago méje àárọ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín lójú ẹsẹ̀. Ní aago mẹ́jọ, wọ́n ti di mẹ́jọ, kò tíì sí nǹkan kan. Ní aago mẹ́wàá wọ́n di 512. Nígbà tó bá máa fi di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù méjì.

Kì í lọ bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tuntun, wọn kì í tètè pín, ṣe ni wọ́n á kọ́kọ́ mú ara wọn bá ibẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí iná ọyẹ́. Nígbà tí oúnjẹ bá ń tán lọ, tí ẹ̀gbin tiwọn fúnra wọn sì bò wọ́n, iye tó ń kú á dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń jáde, ní ìkẹyìn ikú á borí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ara ènìyàn ni oúnjẹ wọn, aláìsàn lè má dúró de ìgbà náà. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ dá wọn dúró gbọ́dọ̀ tètè ṣe é. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Lister kò mọ gbogbo ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ni Pasteur fi hàn pé a lè gbà ṣẹ́gun wọn: kí a sẹ́ wọn kúrò, kí a fi iná sè wọ́n pa, tàbí kí a fi kẹ́míkà pa wọ́n. A kò lè sẹ́ ènìyàn bí ògì, a kò sì lè sè é. Ó wá ku kẹ́míkà.

Ọmọdékùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá

Lister ti gbọ́ pé ní ìlú Carlisle wọ́n ń da carbolic acid, tí wọ́n ń rí láti inú ọ̀dà èédú ilẹ̀, sí omi ẹ̀gbin. Òórùn omi náà dínkù, àwọn màlúù tó ń jẹko níbi tí wọ́n da omi náà sí kò sì kó aràn mọ́. Ó wá díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dán an wò lára aláìsàn, ní oṣù kẹta ọdún 1865, kò yọrí. Kò jáwọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá kan dé, James Greenlees. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ti gun ojúgun rẹ̀, eegun ṣẹ́, ọgbẹ́ sì ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá gé, bóyá kí ó sì kú lẹ́yìn náà. Lister fi aṣọ tó rin sínú carbolic acid bo ojú ọgbẹ́ náà, ó to eegun, ó fi igi dè é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó tú u wò. Kò sí òórùn, kò sí ọyún. Oògùn náà jó awọ ara ọmọ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kò kẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà eegun ti so pọ̀, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì padà sílé.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Lister di ọgbẹ́ yìí, dókítà ará Hungary kan, Ignaz Semmelweis, kú ní ilé àwọn alárùn ọpọlọ nítòsí Vienna. Láti 1847 ni ó ti ń sọ fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi omi kílórììnì fọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí, tí ikú àwọn abiyamọ sì dínkù gan-an ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ọgbẹ́ tó kẹ̀ ló pa òun náà. Lister kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nígbà náà. Semmelweis mọ ohun tó yẹ kí a ṣe, Lister wá rí ìdí rẹ̀ gbá mú nínú iṣẹ́ Pasteur.

Ní 1867 Lister tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Nínú ènìyàn 40 tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí apá wọn láàárín 1867 sí 1869, mẹ́fà ló kú. Ẹ rántí pé tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Àtakò, àti ife wàrà

Ẹ má rò pé gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù, àwọn mìíràn ní carbolic acid kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn mìíràn kò gbà rárá pé ohun tí ojú kò rí lè pa àgbàlagbà ènìyàn. Jámánì àti Denmark tètè gbà á, London lọ́ra. Nígbà tí Lister gba iṣẹ́ ní King's College, London, ní 1877, ó mọ̀ pé àárín àwọn tí kò gbà á gbọ́ ni òun ń lọ.

Lister kò bá wọn jà. Inú ilé ìwádìí ló padà sí. Ó fẹ́ fi hàn láìsí iyèméjì pé irú bakitéríà kan pàtó ló ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó, ó sì mú wàrà tó kan. Ó fi maikirosíkópù ka iye bakitéríà tó wà nínú ẹ̀kán kan, ó bu omi tí ó ti sè sí i títí ẹ̀kán kékeré kọ̀ọ̀kan kò fi ní lè ní ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ. Ó wá kán an sínú àwọn ife wàrà tí ó ti sè. Àwọn ife kan kan, àwọn yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Ibi tí ẹyọ kan bọ́ sí ni wàrà ti kan, ibi tí kò bọ́ sí kò ní nǹkan kan. Báyìí ni Lister ṣe di ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ya irú bakitéríà kan sọ́tọ̀ láìsí àdàlù, ní 1878. Lactococcus lactis ni à ń pè é lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Àríwá mọ nono tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri, gbogbo wa la sì mọ ògì. Irú àwọn bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di kíkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọ̀tá wa. Ẹni tó fẹ́ ṣàkóso wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò pa àti èyí tí yóò fún láyè.

Ọkùnrin tó lè yí èrò padà

Láti nǹkan bí 1871 ni Lister ti ń lo ẹ̀rọ kan tó ń fọ́n carbolic acid sí afẹ́fẹ́ nígbà iṣẹ́ abẹ, nítorí ó rò pé inú afẹ́fẹ́ ni ewu náà pọ̀ sí jù. Ó ń jó ojú, ó ń bẹ́ ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, ìwádìí fi hàn pé ọwọ́, irinṣẹ́ àti aṣọ ni ewu náà pọ̀ sí, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ní ìpàdé ńlá kan ní Berlin ní 1890, níwájú àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, Lister jẹ́wọ́ pé ojú ń ti òun pé òun tilẹ̀ dá a lábàá rí. Lásìkò yẹn, àwọn ará Jámánì ti ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò lára irinṣẹ́ àti aṣọ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, dípò kí wọ́n dúró dìgbà tí kòkòrò bá wọlé. Orí ìpìlẹ̀ tí Lister fi lélẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹ̀rọ autoclave tó wà nínú lab yín, tó ń fi ooru omi ní ìwọ̀n 121°C pa kódà èyí tí omi híhó lásán kò lè pa, ọmọ ọmọ èrò yẹn ni. Òórùn Izal tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì àti Dettol inú garawa ìwẹ̀, ẹbí carbolic acid ni wọ́n.

Kì í ṣe ẹni pípé. Lister wà lára àwọn tó tako kí obìnrin kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ obìnrin ló kọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílé. Ẹni tó rí ohun tí kò hàn sí ojú lè má rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Wọ́n dá a lọ́lá púpọ̀. Ó ti la ìkókó fún Ọbabìnrin Victoria ní 1871. Ó di olórí Royal Society láti 1895 sí 1900. Ó di Lord Lister ní 1897. Ṣùgbọ́n òtútù àyà ti pa Agnes ní Ítálì ní 1893, ìfẹ́ iṣẹ́ ìwádìí sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ púpọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1912, ní ẹni ọdún 84. Westminster Abbey ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìsìnkú rẹ̀, ibi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ ọba sí láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ Agnes ní Hampstead ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe fẹ́.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Èkíní, kì í ṣe orí pẹpẹ nìkan ni ìpè Ọlọ́run wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé bí iná Ẹ̀mí bá ti ń jó nínú òun, kí òun fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ló kù. Ọlọ́run a máa pe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá Lister kò bá gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn, mélòó ni ì bá kú? Ìwọ tó ń ka bakitéríà lábẹ́ maikirosíkópù lálẹ́, Olúwa ni ò ń ṣe é fún (Kólósè 3:23).

Èkejì, ẹni tó bá gbà pé ohun tí a kò rí wà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la ó fi mọ̀. Lister kò gba Pasteur gbọ́ lẹ́nu nìkan. Ó ń fọwọ́, ó ń rẹ irinṣẹ́ sínú oògùn, lójoojúmọ́, lára olówó àti tálákà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà ọ̀la, bí omi kò bá yọ ní wọ́ọ̀dù, ẹ wá a, tàbí kí ẹ lo oògùn ìfọwọ́ ọlọ́tí. Àwa tí a sì ń lọ gbàdúrà fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí á fọwọ́ kí á tó gbé e lé wọn lórí. Àdúrà kò bá ọṣẹ jà.

Ẹ̀kẹta, kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yí èrò rẹ̀ padà nígbà tí òtítọ́ bá dé. Ìgbéraga náà, bí bakitéríà ni. Ẹyọ kan ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń rí, ọwọ́ tó mọ́, àti ọkàn tó ṣe é kọ́. Àmín.